Ẹ̀yìn Páálí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Kí oòrùn ọjọ́ Àìkú tó yọ dáadáa ni àwọn ará ọjà Koło ti máa ń pàtẹ. Àdúgbò Wola ní Warsaw, olú ìlú Pólándì, ni ọjà náà wà. Nǹkan àlòkù àti nǹkan àtijọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀: aago tí kò rìn mọ́, ṣíbí fàdákà, àwòrán Màríà Wúńdíá, báàjì ológun, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Òtútù oṣù Kẹwàá ń ta ni létí bí agbọ́n. Arìnrìn-àjò wa ò wo aago, kò wo ṣíbí. Ó ti lóṣòó síwájú kátọ́ọ̀nù kan tí wọ́n fi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí, ó ń fi ìka ṣí àwọn fíìmù inú rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó.

Kò wo iwájú páálí. Ẹ̀yìn ló ń yí i sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá níbẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín kọ sísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ìṣẹ́jú tí fíìmù náà gùn: napisy. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ àwòrán nìyẹn lédè Pólándì. Bí angielskie bá tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, fíìmù náà sì di rírà. Bí kò bá tẹ̀ lé e, á rọra dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á mí kanlẹ̀. Nínú kátọ́ọ̀nù mẹ́ta tó tú, fíìmù mẹ́rin péré ló yege.

Ìyá àgbà tó ni àtẹ náà ń wò ó láti orí àpótí tó jókòó lé. Àwọn ará Pólándì kì í sọ̀rọ̀ sí àlejò ní ṣákálá. Bí a ṣe ń fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún èèyàn ni àwọn náà ṣe ń pe ọkùnrin ní pan, tí wọ́n ń pe obìnrin ní pani, kódà bó jẹ́ pé wọ́n ń bú ẹni náà lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá kì í pẹ́ mọ èyí lò. Pani ló fi bẹ̀rẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀, ó wá na ọwọ́ méjèèjì tó fẹ́ fi dúnàádúrà. Màmá ní zloty 15, owó Pólándì, fún fíìmù kan. Ó ní 10. Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wẹliwẹli, màmá sáré fa ọ̀rá bo àtẹ, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní 10-10. Inú rẹ̀ dùn. Matka Joanna od Aniołów wà lára wọn, fíìmù tí Jerzy Kawalerowicz ṣe ní 1961 nípa àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì tí ẹ̀mí èṣù wọ̀. Ó ti ń wá ẹ̀dà tí wọ́n ṣe ní Pólándì fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn ni ọkùnrin yìí, Peckham ní London ló sì ti ń gbé láti nǹkan bí ogún ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó bàtà jọ, àwọn mìíràn ń kó aṣọ ẹbí jọ. Fíìmù àwọn ará Pólándì ni tirẹ̀. Nóż w wodzie tí Roman Polanski ṣe ní 1962 ló kó bá a. Ó rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù fún iṣẹ́ àánú, nítorí pé ọ̀bẹ àti omi ló wà nínú orúkọ rẹ̀, ó rò pé ìjà ńlá ló máa wò. Kò bá ìjà ńlá kankan níbẹ̀. Tọkọtaya kan àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé lójú ọ̀nà, àwọn mẹ́ta péré nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré lórí adágún. Fún wákàtí kan ààbọ̀, ọkọ ń ṣe fáàrí, ọmọ ń dá a lóhùn, ìyàwó ń wo àwọn méjèèjì. Ó ní òun ò tíì rí ibi tí ènìyàn mẹ́ta ti jókòó tí àyà sì ń já èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Fíìmù yìí náà ni èyí tó kọ́kọ́ gbé Pólándì dé orí ìwé àwọn tí wọ́n yàn fún Oscar fíìmù ilẹ̀ òkèèrè.

Àsìkò bá a mu. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2004 ni Pólándì wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì ya wọ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wọn ń hù káàkiri London. Láàárín sọ́séèjì àti ìgò kábéèjì kíkan, ó máa ń rí DVD díẹ̀ lórí pẹpẹ ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà, napisy.

Ẹlòmíràn lè bi í pé kí ló wá ń wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Warsaw fún, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìta ti ń ta èyí tó dára jù nínú wọn. Lóòótọ́ ni. Second Run ní London ti ń gbé fíìmù ilẹ̀ náà jáde láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Criterion ní Amẹ́ríkà kó fíìmù ogun mẹ́ta ti Andrzej Wajda sínú páálí kan ní 2005. Ní 2016, Criterion ní Amẹ́ríkà àti Arrow ní Gẹ̀ẹ́sì gbé Dekalog jáde lórí Blu-ray, ìtàn mẹ́wàá tí Krzysztof Kieślowski ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, tí agbẹjọ́rò kan, Krzysztof Piesiewicz, bá a kọ. Ní 2014 ẹ̀wẹ̀, Martin Scorsese, aṣefíìmù Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ṣa fíìmù 21, ó sì rán wọn káàkiri ilé sinimá Amẹ́ríkà.

Àwọn ọ̀gá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń ṣa fíìmù fún títà kì í sábà ṣa ẹ̀rín. Rejs (1970) kì í sábà wà nínú ẹrù wọn, ìyẹn fíìmù wákàtí kan ó lé díẹ̀ tí Marek Piwowski ṣe: ọkùnrin kan yọ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ lórí odò Vistula láìsanwó, wọ́n rò pé aṣojú ìjọba ni, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìgbádùn fún wọn pẹ̀lú ìpàdé àti ìgbìmọ̀. Miś (1981) ti Stanisław Bareja náà ń kọ́? Ní Pólándì, gbólóhùn inú fíìmù méjèèjì yìí ti di ohun tí wọ́n ń jù sí ara wọn lẹ́nu ní ọ́fíìsì àti lórí ìlà báǹkì, bí àwa ṣe ń ju òwe. Ẹni tó ní gbogbo Kieślowski nílé tí kò ní Miś mọ bí àwọn ará Pólándì ṣe ń sunkún, kò tíì mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́. Ìdí tí arìnrìn-àjò wa fi wá nìyẹn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ṣe é fún àlejò. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn ìwé ìròyìn Pólándì bẹ̀rẹ̀ sí í fi DVD há àárín ìwé. Èèyàn á ra ìwé ìròyìn lọ́wọ́ oníkíóòsì, á bá fíìmù nínú rẹ̀, nínú páálí pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju káàdì ìkésíni ìgbéyàwó lọ. Irú wọn ló kún àwọn kátọ́ọ̀nù Koło. Wọn ò wọ́n rárá, àwòrán ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ́, àmọ́ ọmọ ilé ni wọ́n ṣe é fún: Pólándì ni wọ́n ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí napisy angielskie. Ó ra Rejs irú rẹ̀ kan pẹ̀lú bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á wá ọmọ Pólándì kan ní Peckham tí yóò jókòó ti òun.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe DVD pín ayé sí ìsọ̀rí: Amẹ́ríkà wà ní 1, Pólándì àti Gẹ̀ẹ́sì ní 2, Nàìjíríà sì bọ́ sí 5. DVD tó bá ra ní Warsaw lè ṣiṣẹ́ ní Peckham, kó dé Ìbàdàn kó ní òun ò mọ ẹni tó pe òun. Ti Blu-ray sàn díẹ̀, nítorí Yúróòpù àti Áfíríkà jọ wà lábẹ́ lẹ́tà B. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ti gba páálí mẹ́ta tó ń kọ etí dídi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, láti ìgbà náà ló ti ń bi í kí ó tó fi nǹkan ránṣẹ́ pé, “Ṣé kì í ṣe irú ti ọjọ́sí?”

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló kún ìdajì kátọ́ọ̀nù kejì, fíìmù Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá fi ọ̀kan sínú ẹ̀rọ yóò gbọ́ ohun tó yani lẹ́nu. Ohùn òṣèré yóò wà lábẹ́lẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo yóò máa ka ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ lé e lórí, ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọdé, ti ẹni tó ń kú lọ, gbogbo rẹ̀ ní ohùn kan náà tí kò gbóná tí kò tutù. Lektor ni wọ́n ń pè é. Ohùn Tomasz Knapik, tó kú ní 2021, mọ́ wọn létí ju ti ọ̀pọ̀ òṣèré lọ. Lójú ọmọ Yorùbá, ògbifọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹni tó dúró ti pásítọ̀ lórí pèpéle. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ògbifọ̀ tiwa á pariwo bí pásítọ̀ bá pariwo, á fò bó bá fò, nígbà mìíràn á tilẹ̀ wàásù tirẹ̀ mọ́ ọn. Bí ilé bá ń jó, ti Pólándì á sọ fún yín pé ilé ń jó, bí ẹni ń ka iye owó iná.

Láti Koło, ó wọ tíráàmù kọjá odò Vistula lọ wo pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ṣí ní 2012. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló bá lọ. Lórí ilẹ̀ yẹn ni pápá ìṣeré àtijọ́ wà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1955, tí wọ́n fi àwókù ilé tí ogun fọ́ ṣe ìdí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kọ́múnísìtì wó lulẹ̀, tí pápá náà sì ti ń ṣá, àwọn oníṣòwò gba àyíká rẹ̀, ó di Jarmark Europa, ọ̀kan nínú ọjà gbangba tó tóbi jù ní Yúróòpù. Aṣọ, bàtà, sìgá, kásẹ́ẹ̀tì àti àwo ayédèrú, kò sí ohun tí wọn ò tà. Àwọn ará Vietnam, Rọ́ṣíà àti Ukraine wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀, bàtà àti aṣọ eré ìdárayá ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà. Ẹ̀gbọ́n kan ní Peckham tó ti bá wọn ná ọjà yẹn rí ló júwe rẹ̀ fún un. Ó ní níbẹ̀, èèyàn lè ra fíìmù tí kò tíì dé ilé sinimá, pẹ̀lú orí ẹni tó dìde lọ tọ̀ nínú ilé sinimá tí wọ́n ti jí i yà. Ọdún 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Lónìí, ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò, kò sí ohun tó máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọjà wà níbẹ̀ rí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí kásẹ́ẹ̀tì fi ní ọ̀wọ̀ ní Pólándì gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn Przesłuchanie. Ryszard Bugajski ló ṣe é, lábẹ́ ẹgbẹ́ aṣefíìmù tí Wajda ń darí. Krystyna Janda ṣe Tonia, akọrin ilé-ìgbafẹ́ kan. Ọdún 1951 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì rọ ọtí fún un lẹ́yìn eré, ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló bá ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un. Wọ́n kàn fẹ́ kó buwọ́ lu ìwé tí yóò kó bá ọ̀gágun kan tó mọ̀ rí. Wọ́n bú u, wọ́n nà án, wọ́n da omi sí yàrá tó wà. Kò buwọ́ lù ú. Ohun tó jẹ́ kí Janda yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé obìnrin náà kì í ṣe akọni nígbà tó wọlé. Aláfẹ́ ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó tilẹ̀ rò pé àṣìṣe ni, wọ́n á dá òun sílẹ̀ lọ́la.

Ìgbà tí wọ́n parí fíìmù náà ló burú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1981, ìjọba kéde òfin ológun, àwọn ọkọ̀ ogun wà ní ìgboro Warsaw. Ní 1982, àwọn alákòóso wo fíìmù náà, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jáde. Wọ́n tú ẹgbẹ́ aṣefíìmù Wajda ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ti bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, kásẹ́ẹ̀tì kan bí òmíràn, òmíràn bí ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tà á látara ọwọ́ sí ọwọ́ lábẹ́ ẹ̀wù. Ẹ̀rọ fídíò wọ́n nígbà yẹn, dọ́là ni wọ́n sábà fi ń rà á tàbí kí ará ìlú òkèèrè mú un wá, nítorí náà ilé ẹni tó bá ní in ni gbogbo àdúgbò ń pé sí. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì náà máa ń ṣí gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀ fún ohun tí ìjọba ò fẹ́. Bugajski lọ sí Kánádà ní 1985. Oṣù Kejìlá 1989 ni fíìmù rẹ̀ tó dé ilé sinimá. Nígbà tí Janda gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dára jù ní Cannes ní 1990, ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀ ti rí iṣẹ́ náà ṣáájú nínú àwòrán tó ti ṣú nítorí àdàtúndà.

Arìnrìn-àjò wa ní DVD rẹ̀, àwòrán rẹ̀ dán gbinrin. Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́un ló ń wù ú, èyí tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ mìíràn sí lára kí ọlọ́pàá má baà fura. Ó béèrè títí ní Koło. Màmá onífíìmù rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí. Irú wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ní in ò ní tà á, tàbí kó jẹ́ pé ó ti ká eré bọ́ọ̀lù lé e lórí láti 1990.

Ní ọjọ́ kejì, kò ra nǹkan kan. Ó wá òkúta kan lọ ní àárín gbùngbùn Warsaw, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2019 fún August Agboola Browne. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1895. Ó dé Pólándì ní 1922, ó ń lu ìlù jáàsì ní àwọn ilé oúnjẹ Warsaw, ó fẹ́ ìyàwó ní orílẹ̀-èdè náà, ó bímọ. Nígbà tí ìlú náà dìde sí àwọn ará Jámánì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1944, òun náà jà ní Śródmieście, àárín ìlú. Inagijẹ rẹ̀ ni Ali. Ìwé tó kọ ní 1949 láti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó jagun ni àwọn èèyàn padà rí, òun ló jẹ́ kí wọ́n mọ ìtàn rẹ̀ nígbà tó ti kú tipẹ́ ní London, ní 1976.

Ogun yẹn náà ni Wajda fi ṣe Kanał ní 1957. Ọjọ́ 63 ni wọ́n fi jà. Nínú fíìmù náà, àwọn ọmọ ogun tí ọ̀tá ti ká mọ́ àdúgbò Mokotów bọ́ sínú kòtò ẹ̀gbin abẹ́ ìlú láti sá gba ibẹ̀ lọ sí Śródmieście. Jerzy Stefan Stawiński tó kọ ìtàn náà ti rìn ín fúnra rẹ̀. Ìdajì fíìmù náà, inú òkùnkùn àti ìgbẹ́ ló wà. Orí DVD àtijọ́ tí àwòrán rẹ̀ ò mọ́, èèyàn kì í rí ju ojú àti iná tọ́ọ̀ṣì lọ. Ó ti wò ó tó ìgbà márùn-ún kó tó gbọ́ nípa Agboola. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń dárúkọ Śródmieście nínú fíìmù, ó máa ń rò ó pé onílù ọmọ Èkó kan wà lókè níbẹ̀. Ó dúró ti òkúta náà, ó pe orúkọ ọkùnrin náà sókè bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá yíjú wò ó.

Łódź ló kàn. Ẹ pè é bíi “Wúùjì”. Orúkọ náà túmọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ ìlú náà ò ní odò gidi kan tó ṣeé tọ́ka sí. Láti Warsaw, bí 130 kìlómítà ni. Bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà márosẹ̀, ó sì kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà sí Łowicz. Ní tòsí ibẹ̀ ni jàǹbá mọ́tò ti pa Andrzej Munk ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1961. Ẹni ọdún 39 ni. Ó ń ṣe Pasażerka lọ́wọ́, ìtàn obìnrin kan tó jẹ́ wọ́dà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n Auschwitz, tó wá rí ẹnì kan nínú ọkọ̀ òkun tó dà bí ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ àtijọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò fi òṣèré mìíràn dí àlàfo. Fọ́tò ni wọ́n fi rọ́pò apá tí kò tíì yà, ohùn kan sì ń béèrè lórí rẹ̀ pé kí ni Munk ìbá ti ṣe. Bó ṣe jáde nìyẹn ní 1963. Nínú gbogbo àwo tó ní, arìnrìn-àjò wa gbà pé òun ló lágbára jù, ó sì kúrú ju ọ̀pọ̀ lọ.

Warsaw ti di eérú nígbà tí ogun parí, Łódź ṣì dúró, ìdí nìyẹn tí sinimá Pólándì fi fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù sílẹ̀ ní 1948, ní ojú pópó Targowa, nínú ilé ńlá olówó aláṣọ kan tẹ́lẹ̀. Wajda, Polanski àti Kieślowski, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Àtẹ̀gùn onígi kan wà nínú ilé náà tó lókìkí ju àwọn kíláàsì lọ, nítorí orí rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń jókòó jiyàn lẹ́yìn fíìmù. Ó fẹ́ jókòó lé e. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ọwọ́ ṣe rárá, ó tún fi pan kún un, kò sì ṣeé bínú sí.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Sinimá wà, nínú ààfin Scheibler, ọba àwọn aláṣọ Łódź. Ìlú aṣọ híhun ni Łódź. Ó kún fún ilé iṣẹ́ bíríkì pupa. Nínú ààfin yìí gan-an ni Wajda ti ya díẹ̀ nínú Ziemia obiecana ní 1975, ìtàn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ tí owó sì sọ wọ́n di ẹranko. Ẹni tó ti wo fíìmù náà nílé á dá ilẹ̀ pátákó tó ń dán àti àjà oníṣẹ́ ọnà náà mọ̀ bí ẹni wọ ilé ìbátan.

Ilé-iṣẹ́ Se-ma-for náà wà ní Łódź nígbà ayé rẹ̀, wọ́n ń ṣe fíìmù ọmọlangidi. Níbẹ̀ ni Zbigniew Rybczyński ti ṣe Tango, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré: yàrá kan, ọmọdé kan gba ojú fèrèsé wọlé wá mú bọ́ọ̀lù, ó jáde, ó tún wọlé, olè wọlé, ìyá ọmọ wọlé, títí èèyàn 36 fi ń yí ká nínú yàrá kan náà láìfara kan ara wọn. Kò sí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ló fi kun nǹkan bí 16,000 abala. Ó gba Oscar ní 1983, ó bọ́ síta láti fa sìgá, ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kó wọlé padà, ọ̀rọ̀ di ìjà, àtìmọ́lé ló ti rí ìyókù òru náà. Lójú pópó Piotrkowska, ère ọmọ ìlú Se-ma-for kan jókòó: Miś Uszatek, béárì kékeré tí etí rẹ̀ kan rọ̀ wálẹ̀. Àwọn ọmọdé ti fi ọwọ́ pa á dán. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn ní Warsaw, ó wọ Iluzjon ní Mokotów, ilé sinimá róbótó tó jẹ́ ti ilé ìpamọ́ fíìmù orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ń ṣe Rękopis znaleziony w Saragossie tí Wojciech Has ṣe ní 1965, wákàtí mẹ́ta. Ọmọ Yorùbá ò ní sọnù nínú rẹ̀. Àlọ́ nínú àlọ́ ni: ẹnì kan ń sọ ìtàn ẹnì kan tó ń sọ ìtàn ẹlòmíràn, òkú ń jí, ọ̀nà kan náà ń dá èèyàn padà sídìí igi ìsokọ́. Gígé ni wọ́n gé e kúrú nígbà tó kọ́kọ́ lọ sí òkè òkun. Jerry Garcia, onígìtá ẹgbẹ́ Grateful Dead, ló fi owó sílẹ̀ pé kí wọ́n wá èyí tó pé. Ó kú ní 1995, Scorsese àti Francis Ford Coppola parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ Pólándì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tún fíìmù ilé ìpamọ́ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ WFDiF ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní 35mm.online.

Ìyàwó arìnrìn-àjò wa ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí rí: ọ̀fẹ́ wà, kí ló dé tí páálí ń gba ilé? Ìdáhùn rẹ̀ ò mú un dé ibì kan. Ó ní bàbá òun mú òun lọ wo Aiye, fíìmù Hubert Ogunde, ní gbọ̀ngàn kan ní Ìbàdàn nígbà tí òun wà ní kékeré. Ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi di bàbá rẹ̀ mú lápá. Láti ọjọ́ náà, kò tíì rí odidi fíìmù náà mọ́.

Ó gúnlẹ̀ sí London ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó fọ ọwọ́, ó fa aṣọ fèrèsé, ó gbé Matka Joanna jáde. Ó ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé fíìmù àgbà ni, ẹ̀mí èṣù wà nínú rẹ̀, kó lọ sí yàrá. Ó ṣí páálí. Àwọ̀ ara àwo náà kò jọ ti fíìmù ajẹ́jẹ̀ẹ́, ó ní àwọ̀ yẹ́lò àti búlúù. Ó fi sínú ẹ̀rọ síbẹ̀. Orin kékeré kan bẹ̀rẹ̀, béárì tí etí rẹ̀ kan rọ̀ wálẹ̀ jáde sójú tẹlifíṣọ̀n nínú aṣọ oorun, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá ẹnikẹ́ni tó ń wò ó sọ̀rọ̀ lédè Pólándì.

Ọmọ náà ti yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. “Dádì, èyí tẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nìyí!” Ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó wò ó dé òpin. Napisy kankan ò sí níbẹ̀, kò sì béèrè. Nígbà tí béárì náà dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀.